Ojú Kẹfà Bàbá Àjàgbé

"Ẹ tún bínú díẹ̀ sí i, Bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Mo ti jẹun, mo ti mu tíì, oòrùn ń yá mi lẹ́yìn. Ìwọ bínú ná, kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ìyùnadé mí kanlẹ̀. Ó ti tó wákàtí kan tó ti dúró sẹ́yìn kámẹ́rà onígi tí Ilé Ẹ̀rí Ààyè yá a, tó ń wo bàbá rẹ̀ lójú kòró. Bàbá Àjàgbé ní tirẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ara rẹ̀ yá gágá. Ìwé tí wọ́n fún wọn ní ọ́fíìsì wà lórí tábìlì. Wọ́n ya òbìrí mẹ́fà sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rín, ẹ̀rù, ìyanu, ìrònú, ìbínú, ìbànújẹ́. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ti gba òǹtẹ̀. Méjì tó kẹ́yìn ṣì ṣófo.

"Bàbá," ó ní, "ìyá tó ń gbé lókè wa sọ fún mi lánàá pé àga tí ẹ jókòó lé yẹn, ẹ̀rọ ló kàn án."

Bàbá Àjàgbé gbé orí sókè. "Ta ló kàn án?"

"Ẹ̀rọ ni. Ó ní kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè kan nǹkan kó gún tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rọ kẹ̀! Ìrókò tí mo fi ọwọ́ ara mi là! Tí mo fi odindi ọdún kan sá nínú ilé kó tó gbẹ! Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ bàbá ta ni? Pè é wá síbí! Kó wá wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí ayùn ti jẹ mí lọ́wọ́!"

Iṣan ọrùn bàbá le, ihò imú rẹ̀ fẹ̀, gbogbo ìhunjọ iwájú orí rẹ̀ sáré wá pàdé láàárín ojú. Ìyùnadé tẹ kámẹ́rà, ó dún kọ́.

"Mo ti rí i, Bàbá. Ẹ má bínú mọ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá yẹn, kò sọ nǹkan kan."

Bàbá wò ó, ó wo kámẹ́rà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, wàá pa mí kí àwọn èèyàn yẹn tó gbà pé mi ò tíì kú."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Adánimọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ti kọ̀ láti mọ Bàbá Àjàgbé. Bàbá dúró níwájú rẹ̀ bó ti ń dúró láti ọdún gbọ́nhan, ẹ̀rọ náà sì dáhùn pé, "Èmi kò mọ ẹni yìí." Ní gbogbo Òkè-Ìsádi, Adánimọ̀ ti ṣírò bí ojú olúkúlùkù yóò ṣe máa gbó lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ojú Bàbá Àjàgbé kò tẹ̀lé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Eyín mẹ́rin bọ́ lápá òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibẹ̀ sì wọnú lọ. Ìpéǹpéjú kan wálẹ̀ ju èkejì lọ. Láti ọjọ́ náà, omi ẹ̀rọ kì í ṣàn sí bàbá lọ́wọ́ mọ́, àpótí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì ṣí fún un. Ìyùnadé ló ń fi ọwọ́ tirẹ̀ bu omi fún un, ó sì ń há oògùn tó ṣẹ́kù fún un ní ìdajì ìdajì. Kí Adánimọ̀ tó tún gbà pé bàbá wà láàyè, Ilé Ẹ̀rí Ààyè ní àfi kó rí ojú mẹ́fà náà.

Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ awẹ́ fíìmù náà sínú omi oògùn bí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tí ojú bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun, ẹyinjú kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni àgbọ̀n. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, dúdú àti funfun nìkan ni, síbẹ̀ ó rí bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe ń rí i lóòjọ́ lọ. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló ti wà pẹ̀lú bàbá yìí, kò sì tíì wò ó báyìí rí. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀. Awẹ́ fíìmù méjì àkọ́kọ́ tilẹ̀ ṣòfò nítorí pé ó kúnlẹ̀ kó tó gbé kámẹ́rà sókè, tó fi jẹ́ pé àgbọ̀n àti ihò imú nìkan ni Adánimọ̀ rí. Ọ́fíìsì ló pàṣẹ fún un pé kó dìde dúró kó wo bàbá rẹ̀ lójú, ojú sì tì í fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí ìwé náà gbẹ, ó mú un lọ sí Ilé Ẹ̀rí Ààyè. Ó kọjá àwọn ilẹ̀kùn ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́rìndínlógún, mẹ́ta péré ni èèyàn ń gbé nínú wọn. Kò sẹ́ni tó kí i títí tó fi dé ìta.

Bọ́sẹ̀dé ló jókòó sídìí kàńtà. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ pé FÀDÁKÀ KÌ Í PURỌ́. Láti Ọdún Irọ́, nígbà tí àwòrán aláwọ̀ mèremère ń fi olódodo hàn bí olè, tó ń fi òkú hàn bí alààyè, kò sí ilé ẹjọ́ tó gba àwòrán mìíràn mọ́ àfi ti fíìmù onífàdákà, tí ọmọ ìyá tàbí ọmọ bíbí fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Bọ́sẹ̀dé fi apá aṣọ nu àwòrán náà, ó tì í sábẹ́ ojú Adánimọ̀ ti ọ́fíìsì.

"Ìbínú," ni ẹ̀rọ náà wí. "Òótọ́ ni."

"Ó ṣeun," ni Bọ́sẹ̀dé wí, ó lu òǹtẹ̀. "Ó ku ìbànújẹ́. Ìyùn, ọ̀sán ọ̀la ni o. Bí aago méjìlá bá lù láìsí ojú kẹfà, wọn yóò kọ Bàbá mọ́ àwọn tó ti kú, ọkọ̀ Àgọ́ tó ń kó àwọn tí ẹ̀rọ kò mọ̀ kúrò nílùú yóò sì wá gbé wọn nírọ̀lẹ́. Awẹ́ fíìmù mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

"Méjì."

"Kí lo ti ṣe?"

"Mo sọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gé àlùbọ́sà sí ẹ̀gbẹ́ wọn."

"Ọ̀rẹ́ mi, omi àlùbọ́sà kì í ṣe ẹkún, ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n." Bọ́sẹ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. "Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! Ṣé kò sí ohun tó dùn wọ́n rí láyé ni?"

 Ìyùnadé ká ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó lè dun bàbá wà. Ìyùnadé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, odi tí wọ́n ń mọ kí òkun má baà gbé ìyókù Èkó mì wó lu àwọn òṣìṣẹ́, Adélàní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lára wọn. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òbí létí. Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún bàbá pé Làní ti lọ síṣẹ́ ní ìdálẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ohùn tí Làní ti fi ránṣẹ́ rí fún àwọn tó ń ṣe arọ́pò-ohùn, àwọn yẹn sì ṣe é. Láti ìgbà náà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ohùn Làní máa ń dún láti ara ògiri pálọ̀, á kí bàbá rẹ̀, á kí àbúrò rẹ̀, á sì béèrè àlàáfíà ilé.

Àwọn àgbà tó dá ìmọ̀ràn náà ti kú tán. Nínú ẹbí, Ìyùnadé nìkan ló wá ku nínú àṣírí náà. Ó máa ń dà bíi pé òun nìkan ló ń ṣọ́ ilé ńlá kan, àárò ẹnì kan tó lè bá sọ ọ́ sì ń sọ ọ́ dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́jọ tó lù, ó gbé kámẹ́rà síwájú bàbá rẹ̀. Ó ti fi awẹ́ fíìmù sí i.  Ìtìjú bò ó pé òun fẹ́ túfọ̀ ọmọ fún bàbá, ìka òun sì wà lórí kámẹ́rà. Ó tún rántí ọkọ̀ Àgọ́. Ó rántí àwọn arúgbó tó rí nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń béèrè omi lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, tí àwọn awakọ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wọn.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́. Ṣé ìyá òkè tún ní ẹ̀rọ ló bí mi ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó fi ìka kan kámẹ́rà. "Làní ò sí mọ́, Bàbá. Ó ti di ọdún mẹ́fà. Odi etí òkun ló wó lù ú. A ò lè sọ fún yín."

Ó tẹ̀ ẹ́. Bó sì ti tẹ̀ ẹ́ ló mọ̀ pé òfò ni. Ojú bàbá kò yí padà sí ìbànújẹ́. Bàbá Àjàgbé ń wo ọmọ rẹ̀ bí a ti í wo ọmọdé tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù, tí ó sì ń gbìyànjú láti má ṣe sọ. Àánú ló wà lójú bàbá, kò sì sí òbìrí kankan fún àánú nínú ìwé wọn.

"Mo mọ̀," ni bàbá wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ó lọ tán, ọdún kan ò tíì pé tí mo fi mọ̀. Ìtàn bí mo ṣe ra ìrókò yẹn lọ́wọ́ ará Ìlúpéjú, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti sọ ọ́?"

"Kò níye, Bàbá."

"Làní tí mo bí, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, á ní, 'Bàbá, ẹ ti sọ èyí o.' Kò tíì gbọ́ ọ délẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ohùn tó wà lára ògiri yìí ti gbọ́ ọ nígbà igba, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ní, 'Háà, Bàbá, kí ló tún ṣẹlẹ̀?'" Ó mi orí. "Mo ní, ó dáa. Mo mọ̀ ọ́n níjọ́ náà pé ọmọ mi kọ́ nìyí, pé ọmọ mi ti lọ."

Ìyùnadé di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú kó má baà ṣubú. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Bí aago mẹ́jọ bá ti kù díẹ̀, ìwọ yóò sáré ti ilé ìdáná wá, wàá nu ọwọ́, wàá jókòó tì mí. Mo ní bí mo bá sọ pé mo mọ̀, wọn á pa ohùn náà. Ta ni yóò wá máa pe orúkọ rẹ nínú ilé yìí lẹ́yìn èmi?"

"Ẹ ò sì sunkún, Bàbá. Fún bí ọdún márùn-ún."

"Níbo ni kí n ti sun ún? Ẹni tí gbogbo ilé ní ọmọ rẹ̀ wà láàyè, kí ni yóò ní òun ń sunkún sí?"

 Gbogbo àárọ̀ tí Ìyùnadé ti rò pé òun ń tan bàbá jẹ, bàbá náà ló ń rọra gbà kí ọmọ tan òun jẹ. Àwọn méjì nínú yàrá kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀fọ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe, olúkúlùkù sì dá tirẹ̀ ṣe. Ó dùn ún débi pé ó fẹ́ pariwo.

"Awẹ́ mélòó ló kù?" ni bàbá béèrè.

"Ọ̀kan."

"Fi í sí i." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ níwájú pákó tó ku ẹyọ kan. "Má tẹ̀ ẹ́ títí tí wàá fi rí i."

Ó fi sí i. Aago mẹ́jọ lù, ara ògiri tàn yòò.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ìyùn, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Bàbá Àjàgbé wí. "Làní."

"Bàbá mi."

"Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí, èmi náà ò sì béèrè, torí bàbá kì í béèrè ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí o ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí. Máa lọ, ọmọ mi. Bí o bá dé ọ̀hún, bá mi kí ìyá rẹ. Má jẹ òkùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ."

Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀, bó ti máa ń dákẹ́ nígbà tó bá ń wá èsì.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ó wí pẹ̀lú ọ̀yàyà. "Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ò tíì sọ ìtàn ìrókò yẹn fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Bàbá Àjàgbé la ẹnu. Bóyá ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́, Ìyùnadé kò mọ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àgbọ̀n tó ti fi agídí dì mú fún bí ọdún márùn-ún tú sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wọnú náà tún wọnú sí i, omi sì bọ́ sínú ìhunjọ tó wà lábẹ́ ojú, ó ń tọ̀ ọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò fi ọwọ́ bo ojú. Ó gbé ojú náà sókè síbi tí kámẹ́rà wà, ó sì jẹ́ kó hàn.

Ìyùnadé kò ríran. Omi ti kún ojú tirẹ̀ náà, gbogbo yàrá ń yẹ̀ lójú rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Ìyùn," ni bàbá wí láàárín ẹkún. "Yà á."

Ó fi èjìká nu ojú, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Háà, Bàbá, kí ló tún..." ni ohùn náà ń wí. Bàbá nàka sí ògiri. Ìyùnadé rìn lọ síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì pa.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kí aago méjìlá lù nígbà tó gbé àwòrán náà dé iwájú Bọ́sẹ̀dé. Ìwé náà kò tíì gbẹ tán. Bọ́sẹ̀dé mú un, ó fẹ́ fi apá aṣọ nù ún bí ìṣe rẹ̀, kò sì nù ún mọ́. Ó wò ó pẹ́ kó tó rọra tì í sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ìbànújẹ́," ni Adánimọ̀ wí. "Òótọ́ ni. Ẹni yìí wà láàyè."

Bọ́sẹ̀dé lu òǹtẹ̀.  Ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ Ìyùnadé lórí kàńtà fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí Ìyùnadé wọlé, ó gbọ́ tí omi ń dà. Bàbá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, omi ń ṣàn sí i. Ó bọ́jú tán, ó sì rọra padà sórí àga rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní mo wà láàyè?"

"Wọ́n ní ẹ wà láàyè, Bàbá."

"Ó dáa."

Pálọ̀ dákẹ́. Ìyùnadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rántí ọ̀sẹ̀ tí Làní kú. Àwọn èèyàn wá kí i níbi iṣẹ́, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń bá a sunkún ní kọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló sì ṣèlérí pé àwọn kò ní yà sílé, kí bàbá má baà fura. Òun ni wọ́n kí. Òun ni wọ́n dì mọ́ra. Bàbá tó bí ọmọ wà nílé níbí, ó ń sọ ìtàn ìrókò fún ògiri. Títí di òní, ẹnì kan kò tíì ṣí ẹnu kí i.

"Bàbá," ó wí, "ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra ọmọ yín. Ọlọ́run yóò dá èyí tó kù sí."

Bàbá Àjàgbé yí ojú kúrò lára ògiri sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Àmín," ó ní. Ó sì na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì tutù, ó gbé e lé orí èyí tó kù.